Àṣìṣe Mẹ́tàdínlógún Nínú Lẹ́tà Póòpù

Ọjọ́ Ajé, 5 Oṣù Karùn-ún

"Láti ọjọ́ tí Póòpù ti fọwọ́ sí lẹ́tà àlàáfíà yẹn, lásìkò Àpérò Ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù, ni ọ̀run ti ti fèrèsé rẹ̀ mọ́ Ìjọ." Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi wí láàárọ̀ yìí, ṣíbí tíì lọ́wọ́. Àgbà Látìn ni mo ń pè é, nítorí Máàsì Látìn àtijọ́ nìkan ló gbà. Ọdún mọ́kànlá rèé tí kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò, nítorí lẹ́tà tí wọ́n kọ nígbà tí àwa méjèèjì ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé. Ó ti kọ ìwé tirẹ̀ takò ó: Àṣìṣe Mẹ́tàdínlógún. Ó ní kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìṣẹ́gun, 6

Ìyàwó wa, aya ẹ̀gbọ́n mi, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àìkú ọjọ́ kejìdínlógún ni àádọ́ta ọdún ìgbéyàwó wọn pé. Fadá fẹ́ súre fún wọn níwájú pẹpẹ. "Ọkọ mi Akọ̀wé, ẹ bá mi bẹ ẹ̀gbọ́n yín. Mi ò fẹ́ dá kúnlẹ̀."

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní ó di ìgbà tí wọ́n bá wọ́gi lé lẹ́tà náà. Wọ́gi lé — bí ẹni pé ìwé àṣẹ láti kọ́ ṣọ́ọ̀bù ni.

Ọjọ́bọ̀, 8

Àṣìṣe kìíní: Póòpù kò dárúkọ Ọlọ́run títí ojú ewé àkọ́kọ́ fi parí. Ẹ̀kẹrin: ó kọ̀wé sí gbogbo ẹni tó ní inú rere, àtàwọn tí kò gbàgbọ́. Ẹ̀kẹsàn-án: ó ní kálukú lẹ́tọ̀ọ́ láti sin Ọlọ́run bí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ bá ṣe darí rẹ̀, ibo wá ni òtítọ́ kan ṣoṣo wọlé sí? Ìyẹn tiẹ̀ mú ọgbọ́n dání díẹ̀. N kò ní sọ fún un.

Ẹtì, 9

Mo ní kó yá mi lẹ́tà náà gan-an. Ó mú un jáde látinú kọ́bọ́ọ̀dù bí ẹni gbé ejò. Irú ìwé àtijọ́ tí etí àwọn ojú ewé rẹ̀ máa ń so pọ̀ wá láti ilé ìtẹ̀wé, tí èèyàn á fi ọ̀bẹ là kó tó lè kà á.

Ẹnikẹ́ni ò tíì là á.

Àbámẹ́ta, 10

Mo fi ọ̀bẹ ìdáná là á. Ìlà àkọ́kọ́ pàá, Ọlọ́run wà níbẹ̀. Ọdún mọ́kànlá! Mo gbé e lọ bá a. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ka ìwé yìí. Kò wò mí. "Ṣé ó dìgbà tí mo bá jẹ májèlé kí n tó mọ̀ pé májèlé ni?" Mo ní ta ló wá tọ́ ọ wò fún un. Ó ní àwọn tí òun gbẹ́kẹ̀ lé.

Ó wá ń sọ̀rọ̀ pẹpẹ àtijọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọjọ́ tí àwọn káfíńtà wá tú u palẹ̀ lẹ́yìn Àpérò Ńlá, tó dúró lójú fèrèsé tó ń wò wọ́n. Ìbànújẹ́ yẹn kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n kí ló kan ìyàwó rẹ̀ níbẹ̀?

Ajé, 12

Fadá Kíákíá — Máàsì rẹ̀ kì í pé ogójì ìṣẹ́jú — kì í wàásù kó má fa lẹ́tà yìí yọ. Mo ní kó fi ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ọkàn wà hàn mí. Ó họ orí. Inú ìwé pélébé kan ni òun ti rí i, nílé ẹ̀kọ́ àlùfáà.

Mo fẹ́ fi í ṣẹ̀sín. Mo wá rántí kíláàsì mi nígbà tí mo ń ṣe tíṣà: ọdún méjìlélógún ni mo fi kọ́ wọn ní lẹ́tà yìí, látinú ìpínrọ̀ mẹ́rin tó wà lẹ́yìn ìwé ẹ̀kọ́ ìsìn wa. Mo tiẹ̀ ń na ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀.

Ọjọ́rú, 14

Ojú ewé kẹsàn-án. Oorun gbé mi lọ. Póòpù yìí mọ ọ̀rọ̀ ọ́ fà.

Àìkú, 18

Ẹ̀gbọ́n sin ìyàwó rẹ̀ dé géètì ṣọ́ọ̀ṣì. Ó bá a gbé báàgì, ó bá a nu eruku bàtà, ó wá dúró síta nínú oòrùn. Ìyàwó wa dá kúnlẹ̀. Fadá ń ka "ẹ̀yin méjèèjì", "ẹ̀yin méjèèjì" látinú ìwé rẹ̀, kò gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan.

Lọ́sàn-án, àwa mẹ́ta yí tábìlì ìyàwó wa ká: Fadá, Àgbà Látìn, èmi. Ọbẹ̀ kò tíì dé, a ti dé Àṣìṣe kẹsàn-án. Ìyàwó wa gbé omi kalẹ̀. Kò gbóhùn sókè.

"Wọ́n ní lẹ́tà àlàáfíà ni. Ta ló ti kà á tán nínú ẹ̀yin mẹ́ta?"