Ilé Ń Jò, Kò Jó

Ọmọ mi, Ìdí-Máṣíìnì, ọmọ tí mo bí sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ tí mi ò tíì rán tán,

Mo kí ọ o. Ṣé dáadáa lo jí, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé wọn ò yọ ọ́ lẹ́nu níbẹ̀? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Orúnkún bàbá rẹ ṣì ń dùn ún, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò dùn ún, torí kò dákẹ́ láti àárọ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká gbọ́ ìròyìn burúkú nípa rẹ, kí ìwọ náà má gbọ́ tiwa, pàápàá irú èyí tí o gbọ́ ní Ọjọ́rú, tí kì í ṣe òótọ́ rárá. Òun gan-an ló jẹ́ kí n mú bíró, torí o ti pa fóònù kí n tó sọ̀rọ̀ tán.

Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí o gbé sílẹ̀ nígbà tí o wá kẹ́yìn, mo gbé e sórí tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ, mo sì lẹ bébà tí o kọ ìlànà sí mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí. O ní kò sí àwòrán níbẹ̀, pé ọ̀rọ̀ nìkan ni yóò máa jáde kó má baà jẹ détà, àti pé ibẹ̀ ni màá ti máa rí ohun tí o bá kọ síta fún gbogbo ayé. Mo tàn án. Ojú rẹ̀ dúdú kirikiri, igi funfun kékeré kan wá ń ṣẹ́jú sí mi bí oníbàárà tó ń retí kí n dá ọjọ́ aṣọ fún òun. Mo ní kò dáa kí n máa wò ó láìkí i, mo bá tẹ “E kaaro”. Ó fi òyìnbó dá mi lóhùn. Mo ké sí Tíṣà àgbà tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa kó wá túmọ̀ rẹ̀, ó ní kọ̀ǹpútà sọ pé òun ò mọ àṣẹ yẹn. Háà! Ta ló pàṣẹ fún un? Mo kí i ni!

Ó tún béèrè páásíwọ́ọ̀dù. Mo tẹ̀ ẹ́, nǹkan kan ò hàn. Mo rò pé ìka mi ò wọlé, mo tún un tẹ̀ léraléra, ó ní irọ́ ni. Tíṣà ní ṣe ló ń fi í pamọ́ kí ẹlòmíràn má baà rí i. Mo bi í pé ta ló wà nínú yàrá yìí yàtọ̀ sí èmi àti máṣíìnì mi. Ó ní òun wà níbẹ̀. Mo ní kó kọjú sí ògiri nígbà náà.

Nígbà tó wá ṣí, mo tẹ “tele” bí o ṣe kọ ọ́ sínú bébà, mo fi orúkọ rẹ sí i, ó ní mo ti ń tẹ̀lé ọ. Inú mi dùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi tí mo jókòó sí náà ni mo ṣì wà. Ṣùgbọ́n Tíṣà ní ìwọ ò tíì tẹ̀lé mi padà. Mo ní kò burú. Ọdún méjì ni mo fi pọ̀n ọ́, nígbà yẹn kò sẹ́ni tó ń tẹ̀lé ẹnì kankan, a jọ ń lọ ni.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí tí o kọ ni “O ti re mi”. Tíṣà ń rò ó síwá sẹ́yìn, ó ní kò sí àmì lórí rẹ̀, òun ò lè sọ ohun tó túmọ̀ sí. Èmi ò rò ó rárá. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni o sọ fún mi lórí fóònù pé kò sí wàhálà, pé ara rẹ le koko. O purọ́ fún èmi ìyá rẹ, o wá lọ sọ òótọ́ fún àwọn tí ò mọ ojú rẹ. Ó dùn mí, ọmọ mi, mi ò ní tàn ọ́.

Mi ò mọ èsì tí màá fún ọ lójú gbogbo ayé. Mo ní kí n kúkú kọ ọ̀rọ̀ ilé, kó o lè rí nǹkan kà tí yóò mú ọ rántí wa. Òjò ń rọ̀ lọ́wọ́, omi ń kán sórí bẹ́ẹ̀dì wa, mo bá tẹ “Ile n jo”.

Yéè! Kíá ni àwọn tí mi ò mọ̀ rí ti ń dá mi lóhùn. Ẹnì kan ní ẹ pẹ̀lẹ́, ẹnì kan ní ká sá jáde, ẹnì kan ní ká tètè bu omi sí i. Mo ní ṣé orí wọn pé? Omi náà ló ń yọ wá lẹ́nu, wọ́n tún ní ká bu sí i! Bàbá rẹ ní bóyá bí wọ́n ṣe ń tún ilé ṣe lọ́dọ̀ yín nìyẹn.

Ibẹ̀ ni fóònù Tíṣà, èyí tí o máa ń pè wá sí, ti dún. Ìwọ ni, ò ń sunkún. O ní ká gbé Bàbá jáde, pé o ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ibi iṣẹ́, pé ò ń lọ wá ọkọ̀. Mo ní kí ló dé, o ní iná. Mo ní iná wo, nígbà tó jẹ́ pé abọ́ ni mo gbé sábẹ́ ẹ̀! Ni Tíṣà bá pariwo pé àmì ni, àmì ni! Ilé ń jò ni mo kọ, ilé ń jó lo kà. O rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ohùn rẹ rẹlẹ̀, o ní ọ̀gá rẹ ń wò ọ́, o ní ò ń padà sókè.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó nídìí máṣíìnì. O kò wálé láti ọdún tó kọjá, o ní kò sáyè, mo sì gbà. Àṣé àyè wà. Iná ló kàn ń dúró dè. Ọmọ mi, ibi tí aṣọ bá ti kọ́kọ́ tú là ń rán, a kì í dúró kó di àkísà. Ilé tó ń jò náà tó ohun tí èèyàn ń wálé wá wò, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó ti rẹ̀.

Jọ̀ọ́, fi owó pánù mẹ́ta àti ti ìṣó ránṣẹ́, káfíńtà ní òun ò ní lò ju ọjọ́ kan lọ. Bí kò bá sí, má yáwó o, abọ́ pọ̀ nílé. Tó bá sì jẹ́ pé o fẹ́ fọwọ́ ara rẹ gbé e wá, a lè fara da òjò díẹ̀ sí i. Yàrá tìrẹ ò jò. Mo ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ, wá sùn.

Ọlọ́run yóò tù ọ́ lára. Ohun tó ń jò láyé rẹ kò ní jó. Ọwọ́ rẹ yóò ríṣẹ́ ṣe, yóò sì rí ìsinmi.

Mo fi àmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà yìí kó o má baà ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n tó bá tún rẹ̀ ọ́, èmi ni kó o kọ ọ́ sí. Má wulẹ̀ fi àmì sí i.

Èmi ni ìyá rẹ, aránṣọ.