Ẹ̀wà Inú Eérú

Àkúrẹ́,
Oṣù Kọkànlá, 1988

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ara mi le, mo tilẹ̀ sanra. Mo mọ̀ pé Oǹdó kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Owó ọkọ̀ ló sọ ọ́ di ìrìn àjò.

Lánàá, èmi àti àwọn ọmọ kíláàsì tí mò ń kọ́ tọ́jú irúgbìn tí a ká nínú ọgbà ilé-ìwé. A di ilá àti tẹ̀tẹ̀ sínú ewé ìwé àtijọ́. Nígbà tó kan ẹ̀wà, mo ní kí wọ́n po eérú mọ́ ọn kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, bí ẹ ti máa ń ṣe. Ọ̀dọ̀ aládùúgbò ni mo ti tọrọ eérú, torí ààrò tèmi ń sinmi. Òórùn rẹ̀ gbé mi padà sídìí ààrò yín. Mo rí ọwọ́ yín tó funfun dé ìgúnpá, mo gbọ́ bí ẹ ṣe ń jágbe mọ́ wa: “Ẹ fọwọ́ kúrò níbẹ̀, oúnjẹ ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn!”

Ni Àtinúkẹ́, ọmọ kékeré kan tó ń jókòó níwájú, bá bi mí pé, “Àǹtí, tí a bá fọ eérú yìí kúrò dáadáa, ṣé kò ṣeé sè?”

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí mo ti rò ó kí ó tó sọ ọ́.

Ẹ má dààmú nípa owó oṣù wa, wọ́n ní ó ń bọ̀. Ẹ bá mi kí Bàbá àti Ayọ̀mikún àbúrò mi. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń bọ̀ níbí, ẹ fi ẹ̀wà díẹ̀ rán an sí mi. Irúgbìn ni mo fẹ́ fi ṣe o. Ṣùgbọ́n ẹ má wulẹ̀ po eérú mọ́ ọn.

Èmi ni,
Morẹ́nikẹ́ yín