Ìkòkò Kékeré Aláwọ̀ Ewé

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá

Ìwé tí mo fi ń kọ aago àwọn oníbàárà sílẹ̀ rèé. Mo ti ti ṣọ́ọ̀bù pa, ojú mi ò rí eyín inú aago mọ́, ìwé sì ṣẹ́ kù rẹpẹtẹ. Màá fi kọ tara mi.

Mo pe àwọn ọmọ méjèèjì lónìí, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mo ní kí wọ́n wá jẹun lọ́dọ̀ mi ní ọjọ́ Àìkú, kì í ṣe èyí tó ń bọ̀ yìí, èyí tó tẹ̀ lé e. Ọbẹ̀ adìẹ tí ìyá wọn máa ń sè lọ́jọọjọ́ Àìkú ni màá sè. Adájọ́ – àkọ́bí mi obìnrin, olùkọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ló ń dá láti kékeré – ó ní, "Ẹ̀yin kẹ̀? Ẹ fẹ́ se ọbẹ̀?" Onítáyà, àbúrò ẹ̀ tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. N kò sọ fún ọ̀kan pé èkejì ń bọ̀. Wọn ò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí a sin ìyá wọn. Oṣù márùn-ún.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Ó jóná.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Ọdún méjìlélógójì ni mo fi bá obìnrin yẹn gbé, n ò mọ ibi tó ń gbé iyọ̀ sí. Ẹ̀yìn páànù ìyẹ̀fun ni! Mo tún rí ìkòkò kékeré kan aláwọ̀ ewé. Èmi náà ni mo fi wáyà tún etí ẹ̀ ṣe nígbà kan. N kò mọ ohun tó ń fi í ṣe, kò lè gbà ju oúnjẹ ẹnì kan lọ. Mo kó àlùbọ́sà sínú ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tó ń gbé lókè wá wò mí, òórùn àná ló gbọ́. Ó kúkú gbé ẹ̀rọ ẹ̀ dání, ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Ó ga. Ó ní kí ni mo ń jẹ. Mo sọ ìtàn àtijọ́ fún un: ogún ọdún sẹ́yìn, dókítà ní kí n jáwọ́ nínú iyọ̀, mo fárígá. Mo sọ fún ìyá wọn pé lọ́jọ́ tó bá gbé ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ síwájú mi, ìta ni màá ti máa jẹun. Ó ní, "Mo ti gbọ́, olówó orí mi." Mo ń jẹyọ̀ mi lọ, ara mi le koko. Gbogbo ẹni tó wá tún aago ṣe ni mo rò ó fún, pé dókítà ò mọ nǹkan kan. Nọ́ọ̀sì kàn ń wò mí. Ó ní, "Nígbà tí màmá wà, ẹ̀jẹ̀ yín ò ga tó báyìí o."

Mo sè é lẹ́ẹ̀kejì. Adìẹ, àlùbọ́sà, kárọ́ọ̀tì, ọ̀dùnkún, atalẹ̀, iyọ̀, ọsàn wẹ́wẹ́ lẹ́yìn-ọ-rẹyìn. Kò burú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe tiẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Jẹ́ kí n kọ ọ́, bí n ò bá lè sọ ọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n gba ìyá wọn sí ọsibítù. Onítáyà wà lójú ọ̀nà, ìrìn ọjọ́ méjì sí ibí, ẹrù kún ọkọ̀. Ó pè mí. Ó ní, "Bàbá, ṣé kí n yí padà?" Mo ní kó má yọ ara ẹ̀ lẹ́nu, ara ìyá ẹ̀ ti ń yá, kó lọ já ẹrù ẹ̀. Ara ẹ̀ ò yá. Dókítà ti bá mi sọ̀rọ̀ ní wákàtí kan ṣáájú. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní kó máa bọ̀, á jẹ́ pé ìyá ẹ̀ ń kú lọ nìyẹn, ẹnu mi ò sì gbà á. Ní Ọjọ́bọ̀, ìyá wọn lọ. Gbogbo ìgbà tó fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, ọmọ ẹ̀ ọkùnrin ló ń béèrè.

Létí sàréè ni Adájọ́ ti kọjú sí àbúrò ẹ̀, níwájú gbogbo èèyàn: "Ìyá ń pè ọ́ títí ó fi kú, o ń wa mọ́tò kiri. Má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láyé." Onítáyà wò mí. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Bàtà mi ni mo ń wò. Ọmọ yẹn gba ẹ̀bi tí kì í ṣe tiẹ̀, ó wọ ọkọ̀ ẹ̀, ó lọ. Àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ tuntun wọ́ – èmi ni àgbà ọ̀hún.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń dáná. Nídìí ọbẹ̀ ìyá wọn ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún wọn. Bóyá wọn ò ní lè dìde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Mo dín iyọ̀ kù. Ó sún mọ́ ọn díẹ̀. Kí ló dé? N ò mọ̀. Mo ti tú aago tó le ju ọbẹ̀ yìí lọ, mo sì tò ó padà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo rí i!

Bí mo ṣe ń bó ọ̀dùnkún ni fóònù dún. Onítáyà ni. Ó ní ṣé ẹ̀gbọ́n òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. N ò mọ irọ́ tí mo máa pa, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun á wá náà. Ọkàn mi ò sí nídìí iná mọ́, mo gbàgbé iyọ̀ pátápátá. Ìgbà tí mo tọ́ ọ wò, mo tún bu ṣíbí kejì. Òun ni. Ọbẹ̀ ìyá wọn gan-an, kò lé, kò dín.

Ṣé obìnrin yìí ò fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ rárá ni? Ogún ọdún! Atalẹ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ ló fi ń bo ẹnu mi. Mo jókòó sórí àpótí, mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín di ẹkún. Àwọn ọmọ yẹn náà bá mi jẹ ọbẹ̀ aláìníyọ̀ títí wọ́n fi dàgbà, wọn ò ráhùn rí. Àárò ẹ̀ ń sọ mí. Àárò ẹ̀ sọ mí gan-an lónìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo ra adìẹ méjì. Mo nu àga ìyá wọn. Ọ̀la ni o.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Wọ́n wá. Wọ́n ti lọ. Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Adájọ́ ló kọ́kọ́ dé, ó tún gbogbo ṣíbí tí mo tò sórí tábìlì tò. Bí àbúrò ẹ̀ ṣe yọ lẹ́nu ọ̀nà, Adájọ́ gbé báàgì ẹ̀ láti máa lọ. Mo ní, "Ìyá yín ló ni ọbẹ̀ yìí. Jókòó." Ó jókòó. Ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún, àga ìyá wọn láàárín. Mo bu ọbẹ̀, mo gé búrẹ́dì.

Onítáyà mu ṣíbí kan. Ó dúró. Ó gbójú sókè wo ẹ̀gbọ́n ẹ̀, òun náà ti ń wò ó. Adájọ́ bá dorí kodò, èjìká ẹ̀ ń mì. Mo rò pé ẹkún ni, àṣé ẹ̀rín ni! Mo ní kí ló pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Onítáyà ní kò sí o, ọbẹ̀ dùn. Adájọ́ náà ní ó dùn gan-an, Adájọ́ tí kì í purọ́ fún ọmọ ọwọ́ pàápàá. Mo ní kí wọ́n má tàn mí, mo ti mọ̀ pé ìyá wọn kì í fi iyọ̀ sí i.

Wọ́n tún wo ara wọn. Adájọ́ ló là á mọ́lẹ̀: "Bàbá, ọbẹ̀ tiwa níyọ̀ o. Tiyín nìkan ni kò ní. Ìkòkò méjì ni màmá ń gbé kaná." Ó nàka sí ìkòkò kékeré tí mo kó àlùbọ́sà sí. Onítáyà ní òun ni wọ́n fi ṣọ́ ọ láti ìgbà tóun ti wà níléèwé, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í bù. Ìyá wọn ti mú kí wọ́n búra. Gbogbo ilé mọ̀, àfi baálé.

Mo bínú. N ò ní purọ́ fún ìwé. Lẹ́yìn náà mo wo àga ìyá wọn. Ó purọ́ fún mi kí n má baà kú. Irọ́ tèmi ńkọ́, ta ló gbà là? Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ tíì pé ọdún kan, ó sì ti fẹ́ pa mí.

Mo fi ṣíbí sílẹ̀, mo sọ ọ́. Gbogbo ẹ̀. Ìpè yẹn, ohun tí dókítà ti sọ fún mi kó tó pè, bàtà mi.

Adájọ́ ò pariwo. Ó bi àbúrò ẹ̀ bóyá òótọ́ ni. Ìyẹn ní bẹ́ẹ̀ ni. Adájọ́ ní kí ló dé tí kò sọ. Onítáyà ń fi búrẹ́dì nu àwo, kò gbójú sókè: "Ìyàwó Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé kí n tún wá gba ọmọ wọn lọ́wọ́ wọn ni?"

Adájọ́ dìde, ó gbé báàgì. Kò wo ibi tí mo wà. Ẹnu ọ̀nà ló ti ní, "Àbúrò mi, sìn mí dé ìsàlẹ̀." Ojú fèrèsé ni mo ti rí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Ó gbé orí lé e láyà, ó ń sunkún, ọmọ mi ọkùnrin ń gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn. Ọbẹ̀ Adájọ́ ṣì kún inú àwo.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo pe Adájọ́. Kò gbé e.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Onítáyà pè láti ojú ọ̀nà, ó bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo ní kí ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wí. Ó ní, "Bàbá, ẹ fún wọn láyè." Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ mi ti wálẹ̀ díẹ̀. Inú mi ò dùn sí i tó bó ṣe yẹ.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́fà, wọ́n kanlẹ̀kùn. Àwọn méjèèjì ni. Onítáyà kí mi. Adájọ́ tẹ orúnkún díẹ̀, ó kọjá lára mi sí ilé ìdáná.

Mo jókòó sí pálọ̀ bí àlejò. Mo ń gbọ́ ọ̀bẹ lórí pákó. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń bá àbúrò ẹ̀ wí pé ọ̀dùnkún ló ní kó bó, kì í ṣe pé kó gbẹ́ ẹ. Ìyẹn ní òun ò kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, kí wọ́n ṣe òun jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tí àlùbọ́sà ń yí gbirigbiri lórí tábìlì. Mo dìde, mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ó ti fọ ìkòkò kékeré aláwọ̀ ewé. Ó fún wáyà etí ẹ̀ le, ó gbé e kaná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ńlá. Ó bu iyọ̀ ṣíbí kan sínú ìkòkò ńlá, ó rò ó. Ó dé páànù iyọ̀, ó dá a padà sí ẹ̀yìn ìyẹ̀fun, níbi tí ìyá ẹ̀ máa ń gbé e sí. Ó mọ̀ pé mo dúró níbẹ̀.

Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kò fi iyọ̀ sí tèmi.