Sípíkà Tó Ju Yàrá Wa Lọ

Ọkọ mi,

Sípíkà tí ẹ rà láti máa fi míìsì orin nílé, kí ohùn àti ìlù lè bára mu, ti tóbi jù fún yàrá wa. Ẹni tó tà á mọ̀, torí ó ní ti gbọ̀ngàn ni. Àbúrò yín tó bá yín gbé e wọlé mọ̀. Èmi tí mo wọn yàrá náà kí n tó rìnrìn àjò iṣẹ́, tí mo kọ "kékeré méjì" sílẹ̀ fún yín, èmi nìkan ni ẹ kò sọ fún.

Mo gbọ́ orin àwọn akọrin tí ẹ fi ránṣẹ́. Kò sí béèsì, ohùn ìsàlẹ̀ tó máa ń rinlẹ̀ yẹn, níbẹ̀ rárá. Igun ògiri ni ẹ há sípíkà sí, béèsì ń bú mọ́ yín létí, ẹ sì ń dín in kù títí ó fi tán nínú orin. Mo béèrè, ẹ ní, "Ìyàwó, fóònù rẹ ló ń ṣàìsàn." Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ kú ọgbọ́n.

Dáadáa ni mo wà o. Ilé iṣẹ́ tiẹ̀ ti ní kí n máa lọ sinmi nílé, láti oṣù tó kọjá. Mo ti di ẹrù mi.

Ìyá yín ló là mí lójú lórí fóònù lánàá: "Ìyàwó mi, ibo lo fẹ́ sùn tó o bá dé? Ọkọ rẹ ti gbé bẹ́ẹ̀dì yín fún aládùúgbò kí sípíkà lè ráyè."

Ẹ dá sípíkà náà padà, kí ẹ sì gba bẹ́ẹ̀dì wa wálé kó tó di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni mò ń bọ̀.

Ẹ bá mi kí màmá. Ẹ ní mo dúpẹ́ pé wọ́n béèrè ibi tí màá sùn.