Bàtà Tèmi

Sátidé, lẹ́yìn tí a bá àwọn ará Ugbonla gbá bọ́ọ̀lù

Níbo ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wá sí mi lẹ́nu? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n sùn.

Láti ìgbà tí mo ti fi bọ́ọ̀lù Èkó sílẹ̀ wá ń kọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù ìlú wa, ojoojúmọ́ ni mò ń sọ fún wọn pé, "Kò sí tèmi ní Ayétòrò, tiwa ni," nítorí àjọni ni gbogbo ohun ìní ní ìlú etí òkun wa yìí.

Lónìí, kí a tó bẹ̀rẹ̀, ìkarahun inú iyanrìn gé Ọmọ́yẹlé, aṣọ́lé wa, ní ẹsẹ̀ lásán tó wà. Ó rí bàtà tí mo fi gbá bọ́ọ̀lù l'Ékòó nínú àpò mi.

"Arákùnrin Kóòṣì, ẹ jẹ́ kí n wọ̀ ọ́."

"Fi sílẹ̀! Bàtà tèmi ni!"

 Ẹnìkan nínú wọn pariwo pé, "Háà! 'Tèmi' ti gúnlẹ̀ sí Ayétòrò o! Ọkọ̀ wo ló gbé e wá?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọ́yẹlé kò rẹ́rìn-ín. Ó fi àkísà di ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ṣọ́lé títí a fi borí. Kò wo ojú mi.

Bàtà náà kò tilẹ̀ gba ẹsẹ̀ mi mọ́. Bóyá òun nìkan ló ṣì mọ̀ pé mo ti jẹ́ èèyàn pàtàkì rí…

Mo ti gbé e sí ẹnu ọ̀nà. N ó mú un lọ bá Ọmọ́yẹlé kí a tó wọ ilé àdúrà. Mo ti ń kọ́ ohun tí n ó sọ: "Bàtà wa rèé." Ahọ́n mi ṣì ń kọsẹ̀ lára "wa" yẹn.

Ilẹ̀ ti mọ́. Mo pa àtùpà.