Bàbá Tẹ̀ka sí Fọ́ọ̀mù Àwọn Oníṣòwò Aago

Ilé Sùlèímọ́nù,
Ọ̀fàdà, lọ́nà Mowe.
Oṣù Kejìlá, 1988.

Nùsírátù àbúrò mi, ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Mushin? Ṣé ara ọ̀gá tó ń kọ́ ọ níṣẹ́ irun le? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o kọsẹ̀ láàárín èrò Èkó, kí ó sì máa bá ọ yẹ mọ́tò sílẹ̀ lójú títì. Mo mọ̀ pé o máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá pè ọ́ ní ọmọ mi, torí pé irùngbọ̀n mi kò tíì kún, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Bàbá ti kú, èmi ni mo dúró níbi tó dúró sí, ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rẹ́rìn-ín.

Ọyẹ́ ti dé. Láàárọ̀, kùrukùru máa ń bo oko ìrẹsì débi pé bí Ìyá bá ń lọ níwájú mi, orí rẹ̀ nìkan ni mò ń rí, bí ẹni pé ó ń léfòó lórí omi, tí ìró ọkọ̀ láti ojú ọ̀nà márosẹ̀ yóò sì máa dún lọ́nà jíjìn bí oyin. Ewúrẹ́ rẹ bí méjì, ọ̀kan funfun, èkejì kò tíì pinnu àwọ̀ tó fẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ kí n kọ̀wé ni ti àwọn oníṣòwò aago. Nígbà tí Bàbá wà láyé, ó ra bátìrì rédíò ní Ìbàfò, ẹni tó tà á fún un sì kọ orúkọ Bàbá sílẹ̀, ó ní nítorí ẹ̀bùn ni. Bàbá ti wọ ilẹ̀ kí lẹ́tà àkọ́kọ́ tó dé láti ilé-iṣẹ́ kan ní Èkó. Wọ́n pè é ní ọ̀rẹ́ àwọn ọ̀wọ́n. Mo rò pé èèyàn dáadáa ni wọ́n, torí pé kò sẹ́ni tó pe Bàbá ní ọ̀rẹ́ ọ̀wọ́n rí ní Ọ̀fàdà yìí, gbogbo wọn ló máa ń sọ pé ó le jù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi aago ògiri ránṣẹ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ wọ́n. Mo rò pé wọ́n fi ń bá wa kẹ́dùn ni, mo gbé e kọ́. Ìgbà tó yá ni wọ́n ní kí Bàbá sanwó rẹ̀, pé bí kò bá san án, àwọn yóò wá a kàn níbikíbi tó bá wà, àwọn yóò sì mú un lọ síwájú adájọ́.

Ibẹ̀ ni wàhálà Ìyá ti bẹ̀rẹ̀. Mo ka lẹ́tà náà fún un, ó ní, "Bí wọ́n bá rí i, kí wọ́n jẹ́ kí n rí i kí adájọ́ tó rí i." Mo rò pé ó ń ṣẹ̀fẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà ló ti ń fọ aṣọ Bàbá. Yóò fọ̀ ọ́, yóò sá a, yóò ká a, bó bá tún di ọjọ́ mìíràn yóò tú èyí tó mọ́ fọ̀. Ó ní òun lá àlá rẹ̀, pé ó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ tó ń kó lẹ́tà nínú kùrukùru, ó gbé àpò lẹ́tà lé itan, ó ní kí òun má pẹ́. Ó wá ń sọ pé òun yóò bá ọkọ̀ ìrẹsì lọ sí Èkó, òun yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ náà títí wọn yóò fi mú un jáde. Mo ní Bàbá kú, ojú wa ni wọ́n ṣe sin ín. Ó ní òun mọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ará Èkó ní ẹ̀rọ tí àwa kò ní. Nùsírátù, mo mọ̀ pé bí ó bá fi lè lọ jókòó síbẹ̀, kò ní dìde mọ́.

Mo kọ̀wé sí wọn pé ẹni tí wọ́n ń kọ̀wé sí ti kú. Wọ́n dá èsì padà sí Bàbá, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó jẹ́ kí àwọn gbọ́. Ìyá ní ṣé mo rí i báyìí. Mo wá lọ sí Ìbàfò, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì kan ti ní tẹlifóònù, kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Ọkùnrin kan ló gbé e lọ́hùn-ún, ohùn rẹ̀ jẹ́ ohùn àgbà, mo sì dọ̀bálẹ̀ kí n kí i bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Okùn ẹ̀rọ náà kò gùn tó, ó já kúrò lára ògiri. Pásítọ̀ bínú. Mo ní ṣé kí n nàró máa kí àgbàlagbà ni?

Ẹ̀yìn èyí ni fọ́ọ̀mù kan dé. Wọ́n ní ẹni tí kò bá fẹ́ aago àti lẹ́tà mọ́, kí ó fọwọ́ sí i, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹlòmíràn, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ gan-an ni. Àpòòwé wà nínú rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kí a má lẹ sítáǹbù, pé àwọn ni yóò sanwó ohunkóhun tí a bá fi ránṣẹ́. Ìwọ náà mọ̀ pé Bàbá kò mọ̀wé, ìka ló máa ń tẹ̀. Mo rò ó títí. Ohun tí wọ́n bá béèrè ni kí èèyàn ṣe. Mo mú fọ́ọ̀mù náà lọ sẹ́yìnkùlé, mo kí Bàbá, mo ṣàlàyé ohun tí wọ́n fẹ́ fún un, mo wá fi ojú ìwé náà tẹ ilẹ̀ sàréè rẹ̀ níbi tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ yóò wà. Ìrì ti sẹ̀, àmì ilẹ̀ náà hàn lórí ìwé ketekete. Kí wọ́n má baà sọ pé ọwọ́ mi ni, mo bu ẹ̀kúnwọ́ yẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ sínú àpòòwé, mo kọ ọ́ tì í pé: Ẹ wò ó, òun fúnra rẹ̀ rèé.

Àṣé àwa nìkan kọ́. Ìbíwùnmí tó ń lọ ìrẹsì ní wọ́n fi aago ránṣẹ́ sí ìyá ọkọ òun náà, èyí tó ti kú. Irú wa wà ní Lotto, ó wà ní Mowe. Ó jọ pé òkú ni wọ́n fẹ́ràn láti máa tajà fún, torí pé òkú kì í bá èèyàn jiyàn. Gbogbo wọn wá bi mí bí mo ṣe ṣe tèmi, mo fi hàn wọ́n. Álúfà Bùrẹ́ímọ̀ ní òun kò rí i kà níbi kankan pé yẹ̀pẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ àpòòwé. Bẹ́ẹ̀ ni oníkálukú bu ti òkú rẹ̀. Ọkùnrin tó ń gba lẹ́tà ní Mowe gbé àpò náà wò, ó bi mí pé kí ló wúwo tó báyìí, mo ní àwọn oníbàárà ni.

Ìyá kò dúró de èsì. Ó di ẹrù, ó bá awakọ̀ sọ ọ́, ọkọ̀ ìrẹsì gan-an là ń retí láàárọ̀ ọjọ́ náà nígbà tí mọ́tò kékeré kan yọ nínú kùrukùru. Ọkùnrin tó sọ̀ kalẹ̀ wọ kóòtù, ó fi aṣọ wé ọwọ́ méjèèjì, ó gbé páálí kan dání bí ẹni gbé ẹyin. Ó ní òun ni ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà, Akínọlá, ọmọ Ìfọ̀ ni òun. Ó ní kò sẹ́ni tó jẹ́ ṣí lẹ́tà mọ́ ní ọ́fíìsì àwọn, pé ọmọbìnrin tó ṣí èyí àkọ́kọ́ ti sá lọ sílé ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, pé kí ni àwọn fi ṣe wá tí a fẹ́ fi kó àwọn wọlẹ̀. Mo ní ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù ni a ṣe. Ó ní òun yóò pa gbogbo orúkọ náà rẹ́, òun yóò kó àwọn aago òun, kí á ṣáà gba yẹ̀pẹ̀ wa. Mo ní èmi kọ́ ni mo ń pe àwọn òkú wọ̀nyí, ẹni tó ń pè wọ́n ni kó sìn wọ́n padà sílé.

Ó bọ́ bàtà. Ó tú aṣọ ọwọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lẹ́yìnkùlé wa, ó da yẹ̀pẹ̀ Bàbá padà sórí sàréè, ó ní, "Bàbá Sùlèímọ́nù, ẹ jọ̀ọ́. A kò mọ̀ pé ẹ ti kú. A ti mọ̀ báyìí. A kò ní pè yín mọ́."

Ìyá dúró lẹ́yìn wa, ẹrù Èkó wà lórí rẹ̀. Ó bi ọkùnrin náà pé ṣé Bàbá kò sí lọ́dọ̀ wọn ni. Ọkùnrin náà ní rárá, Màmá, kò sí lọ́dọ̀ àwọn, ibí ló wà. Ìyá fúnra rẹ̀ ló sọ ẹrù náà kalẹ̀. Ó jókòó lé e, ó sunkún bí kò ṣe sun ún lọ́jọ́ tí a sin Bàbá. Akínọlá kò dìde títí ó fi sun ún tán, nítorí ìyẹn nìkan ni mi ò ṣe bú u. Ọkọ̀ ìrẹsì dé, ó fọn fèrè, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nírọ̀lẹ́, Ìyá pè mí wọlé. Ó ti tẹ́ àwọn aṣọ náà sórí ẹní. Mo rò pé yóò tún fọ̀ wọ́n ni, àmọ́ ó mú agbádá tí Bàbá máa ń wọ lọ́dún Iléyá, ó wọ̀ ọ́ sí mi lọ́rùn, ó bu oúnjẹ, tèmi ló kọ́kọ́ bù, ó wá ní kí Bàbá Nùsírátù wá jẹun.

Ọmọ mi, bí o bá rí nǹkan gbà lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ, fi owó díẹ̀ rán ọlọ́kọ̀ sí wa, ọṣẹ ti tán pátápátá nílé, kẹrosíìnì náà ti fẹ́ tán. Mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ fún ti télọ̀ pẹ̀lú, torí pé apá agbádá náà bò mí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n Ìyá ní kò sẹ́ni tó máa gé e, pé màá dàgbà bá a.

Kí Ọlọ́run sìn ọ́ jáde, kí ó sìn ọ́ wọlé. Kí orúkọ rẹ má bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́. Bí a bá pè ọ́, wàá wà láàyè láti jẹ́ ẹ.

Èmi ni,
Nọ́fíù, bàbá rẹ.