Fèrèsé Tó Kọjú sí Ọ̀sà

Ìyá mi àtàtà,

Akọ̀wé kan ní Apọ́ngbọ̀n ló ń bá mi kọ èyí. Ó béèrè àdírẹ́sì yín. Mo ní kó máa kọ ohun tí mo bá sọ. Ó ti rẹ̀ mí, n ò lágbára àlàyé.

Nítorí Rábíátù ọmọ mi ni. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, òun nìkan ló kù tì mí nínú ilé. Ọ̀dọ̀ dókítà kan ní Olówógbowó ló ti ń ṣiṣẹ́, nínú yàrá tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ aláìsàn wò. Ìgò ásíìdì àti oògùn olóòórùn ló kún ibẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ojú rẹ̀ ń pọ́n bí ojú ẹni tó ń lọ ata. Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń ṣí gbogbo fèrèsé lẹ́yìn ìrun àárọ̀, kí atẹ́gùn ọ̀sà lè gbá àìsàn jáde? Ohun tí mo ní kí òun náà máa ṣe nìyẹn. Ó ń ṣí i. Ikọ́ náà ń le sí i.

Ní Jímọ̀ kan, mo ń fín tùràrí nínú yàrá wa. Rábíátù kàn ń wo èéfín náà, bó ṣe ń gba orí ibùsùn mi kọjá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ó di tùràrí sínú aṣọ, ó gbé e lọ síbi iṣẹ́. Dókítà bi í bóyá ó fẹ́ sọ ibẹ̀ di mọ́ṣáláṣí. Rábíátù dáná sí i, ó ní kó wo èéfín ná. Abẹ́ fèrèsé ni àwọn ìgò wà, tábìlì Rábíátù wà láàárín yàrá, ilẹ̀kùn wà lẹ́yìn rẹ̀. Atẹ́gùn ọ̀sà wọlé, ó gbé èéfín lórí ìgò, ó gbé e gba imú ọmọ mi, ó bá ilẹ̀kùn jáde. Fèrèsé tí gbogbo wa ń yìn ló ń fi òórùn bọ́ ọ.

Dókítà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ní kí wọ́n gbé àwọn ìgò sẹ́nu ọ̀nà, kí Rábíátù bọ́ sábẹ́ fèrèsé. Ọmọ-ọmọ yín kọ̀.

“Dókítà, àwọn abiyamọ ló ń jókòó lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn.”

Ohun tó ń fẹ́ ni kí wọ́n dá ògiri ẹ̀gbẹ́ lu, kí àwọn ìgò sún síbẹ̀, kí wọ́n máa ti ilẹ̀kùn, kí òórùn lè bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé tí ènìyàn kì í dé. Dókítà gbà. Onílé ni kò gbà. Ọmọ Àgùdà ni, Pópó Àgùdà ló ń gbé. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ògiri tí bàbá òun mọ.

Mo ní kí Rábíátù fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kó wá máa ta aṣọ.

“Bàbá, bí mo bá kúrò, ẹlòmíràn ni wọ́n máa fi síbẹ̀.”

Ta ló fi ìwà yìí jọ, ẹ̀yin ni àbí ìyá rẹ̀? Mo gbọ́ ikọ́ ìyá rẹ̀ títí ó fi dákẹ́. N ò lè gbọ́ òmíràn.

Láti ọjọ́ tí a ti sin ìyàwó mi, n ò bẹ ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun. Lọ́la, màá lọ bá onílé yẹn. Mo tó bí i lọ́mọ. Màá dọ̀bálẹ̀ fún un. Bí ẹ bá rí mi nílẹ̀ níbẹ̀, ẹ má gbójú kúrò lára mi.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ti wá dàgbà ju ọjọ́ orí tí ẹ fi kú lọ.